Ilé Ju Òrùlé Lọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́fà, fúláàtì rẹpẹtẹ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé àwọn bàbá wa ní Abúlé Ẹ̀gbá. Mo ní n ò fara mọ́ ọn, ni wọ́n bá ń pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà l'Ékòó ní 1924, ìjọba òyìnbó dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ń bọ̀, nǹkan bí éékà 70 ni wọ́n fẹ́ wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ará ibẹ̀ yarí, síbẹ̀ wọ́n wó púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Peter Marris, onímọ̀ ará Bìrìtìkó tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1961 pé oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n run, ẹbí sì fọ́n ká.

Ẹ gbọ́, n ò bá ilé jà o. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló máa gbé inú rẹ̀? Bówó ilé bá wọ́n ládùúgbò, níbo ni ìyá alákàrà wa máa kó lọ? Kí wọ́n dáhùn ná, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ṣebí bíríkìlà lè tún ilé mọ. Ta ló máa bá wa tún ẹbí tó ti fọ́n ká kó jọ?