Eegun Ẹ̀yìn Tó Kán Láìsí Ẹni Tó Mọ̀: Ohun Tí X-ray Àyà Tú Síta Nígbà Àrùn Kòrónà ní Milan

Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ ìlú Milan ní orílẹ̀-èdè Ítálì lọ́dún 2020, X-ray àyà wà lára àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ń ṣe fún aláìsàn tí wọ́n bá gbé dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn náà ti débẹ̀ àti bí ọṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ti pọ̀ tó. Àmọ́ àwòrán tó fi ẹ̀dọ̀fóró hàn kò ṣàì fi eegun ẹ̀yìn hàn pẹ̀lú, pàápàá bí wọ́n bá yà á láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn San Raffaele tún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé eegun ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ti kán.

Milan ni olú ìlú ẹkùn Lombardy, níbi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni àṣírí rẹ̀ tú ní Codogno, ìlú kékeré kan ní ẹkùn náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ìjọba Ítálì ti kéde kónílé-ó-gbélé jákèjádò orílẹ̀-èdè wọn, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àrùn náà ní àjàkálẹ̀ àgbáyé. Àwọn òǹkàwé yóò rántí pé láti Milan yìí náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà ti wọ Èkó ní ìparí oṣù Kejì ọdún yẹn, kó tó kọjá sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Eegun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni, tí wọ́n tò léra wọn bí ẹní to agolo mílíìkì. Méjìlá nínú wọn ló wà lẹ́yìn àyà, àwọn ni eegun ìhà sì so mọ́. Bí eegun bá ti fúyẹ́, tí inú rẹ̀ ń ṣófo, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoporosis, kò dìgbà tí èèyàn bá jábọ́ láti orí ọ̀pẹ kí ọ̀kan nínú wọn tó kán. Ó lè jẹ́ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi, tàbí níbi tó ti ń wúkọ́. Kì í já sí méjì bí eegun apá tàbí ti ẹsẹ̀. Ńṣe ló máa ń rún wọlé, bí agolo tí ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn mẹ́ta, nǹkan bí méjì nínú wọn ni dókítà kì í gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn á kàn máa dun onítọ̀hún, á máa tẹ̀ síwájú, gíga rẹ̀ á máa dín kù, àwọn ará ilé á sì ní ogbó ló dé.

Láti ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ ti ń lo ìlànà tí dókítà Harry Genant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti fi mọ bí irú kíkán yìí ṣe le tó. Bí gíga eegun kan bá fi ìdá 20 sí 25 nínú 100 dín, ó ṣì kéré. Láti 25 dé 40, ó ti wọ ipò àárín. Bó bá kọjá 40, ó ti le gan-an.

Aláìsàn 114 ni wọ́n yẹ àwòrán wọn wò ní San Raffaele. Nínú wọn, àwọn 41, ìyẹn ìdá 36 nínú 100, ni eegun ẹ̀yìn wọn ti kán. Àwọn wọ̀nyí dàgbà ju àwọn tó kù lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn sì pọ̀ láàárín wọn jù. Ìdá 49 nínú 100 wọn ló nílò ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòjú wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìdá 27 ni láàárín àwọn tí eegun wọn ṣì pé. Ní ti ikú, ìdá 22 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí eegun wọn kán, ìdá 10 sì ni nínú àwọn yòókù.

Ó yẹ kí a fi sùúrù ka àwọn iye wọ̀nyí. Èèyàn 114 kò pọ̀, àlàfo tó wà láàárín 22 àti 10 kò sì tíì tó ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe kòńgẹ́. Bákan náà, ọjọ́ orí nìkan tó láti mú kí Kòrónà pa èèyàn. Àwọn olùwádìí náà kò pe eegun tó kán ní apànìyàn. Àmì pé ara ti rẹ̀yìn ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: àwọn tí kíkán tiwọn le jù ni ikú pọ̀ láàárín wọn jù.

Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, ààyè tí ẹ̀dọ̀fóró ń wú sí máa ń dín kù, ikọ́ kò sì ní lágbára tó láti gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1990 lórí àwọn obìnrin fi hàn pé eegun àyà kọ̀ọ̀kan tó bá kán lè gba nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ́wọ́ agbára tí èèyàn fi ń mí. Ẹni tí eegun mẹ́ta ti rún lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ gbèsè èémí kí Kòrónà tó kanlẹ̀kùn. Àwọn onímọ̀ San Raffaele tún tọpa àwọn tó rù ú là: ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, mímí àwọn tí eegun wọn kán kò tíì dára tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Láìka gbogbo èyí sí, ìròyìn X-ray àyà kì í sábà mẹ́nu kan eegun, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní kí dókítà wò. Àwòrán náà ti wà nílẹ̀, kò sì gba owó mìíràn láti wo eegun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ lè rí ìtọ́jú gbà kí òmíràn tó kán. Lára ìtọ́jú náà ni abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ denosumab, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kònílé-ó-gbélé kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rí i gbà lásìkò, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, eegun ẹ̀yìn bíi mélòó kan lè kán léraléra. Èyí ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn eegun ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kìlọ̀ lọ́dún 2020 pé àárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju oṣù méje lọ, àti pé ẹni tí kò bá rí i gbà nígbà náà, kí wọ́n fi oògùn oníhóró bíi alendronate dì í mú títí yóò fi rí i.