Mélòó Ni "Ó Ti Sàn Díẹ̀"?

Lóṣù tó kọjá, mo bi bàbá mi bóyá oògùn próstéètì tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́. (Próstéètì tó kàn wú ni o, kì í ṣe jẹjẹrẹ.) Wọ́n ní, "Ó ti sàn díẹ̀." Díẹ̀ báwo? Wọ́n ṣì ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru!

Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti bá ọ̀rọ̀ "díẹ̀" yìí jà rí. Ẹ̀rọ wà tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ń yára jáde. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ẹnì kan lè máa kán tó-tó, kó má dà á láàmú. Ti ẹlòmíràn á máa jáde dáadáa, kò sì ní rí oorun sùn. Ní 1992, Michael Barry àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè méje jáde: iye ìgbà téèyàn ń jí lóru, bóyá ó ń ṣe é bíi pé ìtọ̀ ṣì kù nínú, bóyá ó ń fi agbára tì í kó tó jáde, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì 0 sí 5, àpapọ̀ rẹ̀ 35. Máàkì tó pọ̀ ni wàhálà níbí o, kì í ṣe JAMB.

Ó dáa. Ẹni tó gba 18, tó wá di 16, ṣé ara ẹ̀ ti yá nìyẹn? Lọ́dún 1995, Barry àtàwọn tó kù gbé èsì jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó lé ní 1,200 tí wọ́n ń dán oògùn wò lára wọn. Àwọn ọkùnrin náà fúnra wọn ni wọ́n bi. Máàkì àwọn tó ní ó sàn díẹ̀ fi bíi 3 dínkù, ní ìpíndọ́gba. Àmọ́ ẹni tí kò tó 20 níbẹ̀rẹ̀, bíi 2 ti tó o. Ẹni tó ti wà ní 20 sókè, ó di bíi 6 kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù.

Èsì oògùn jáde ní 1996. Lẹ́yìn ọdún kan, máàkì àwọn tó lo terazosin fi 6.1 dínkù, ti finasteride 3.2. Àwọn tó gbé oògùn tí kò ní nǹkankan nínú mì ńkọ́? 2.6! Tẹ́ ẹ bá kàn di 3 yẹn mú, ẹ ó ní finasteride yege, bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ ló fi ju òfìfo lọ. (Wọ́n padà rí i pé ó wúlò jù fún ẹni tí próstéètì ẹ̀ tóbi gan-an.)

Mo tẹ ìbéèrè méjèèje sórí ìwé fún bàbá mi. Wọ́n gba 17. Mo ní, mélòó ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn? Wọ́n wò mí títí. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nígbà yẹn.