Òórùn Irú àti Fùfú ní Ìsundúnrin àti Agbègbè Èjìgbò

Ìsundúnrin wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba igi irúgbá, ó sì gba ẹ̀gẹ́. Lára àwọn méjèèjì ni oúnjẹ tí àlejò máa ń dimú sí ti ń wá: irú àti fùfú. Wọ́n sábà máa ń ka òórùn wọn sí ọ̀kan náà. Èrò mi ni pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Hóró irúgbá le. Àwọn ìyá tó ń ṣe irú á sè é fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á bó èèpo rẹ̀, wọn á ṣàn án mọ́, wọn á tún un sè, kí wọ́n tó dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bò ó dáadáa kó lè móoru. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn kòkòrò àìfojúrí, tí Bacillus subtilis jẹ́ olórí wọn, á ti fọ́ purotéènì inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni amóníà ti ń jáde tó ń ta sí imú. Iṣẹ́ yìí kan náà ló sì ń bí adùn tó ń mú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rinlẹ̀. Nattō àwọn ará Japan, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, kò jìnnà sí i: kòkòrò kan náà ni, àwọn àlejò sì ń sá fún òun náà.

Ní 1991, Cadbury Nigeria gbé dàdáwà onígun jáde. Dàdáwà ni àwọn Hausa ń pe irú. Ọjà náà kò rí ìtẹ́wọ́gbà, wọ́n sì kó o kúrò. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ti ń fi imú yan irú lọ́jà láti kékeré kò ní fi onígun gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Ti fùfú yàtọ̀. Kì í ṣe òun ni òkèlè àtijọ́ níbẹ̀: iyán ni oúnjẹ Òòṣà Ògìyán tí Èjìgbò ń bọ, iyán kì í sì í rùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Potogí kó ẹ̀gẹ́ wá láti Brazil ni fùfú dé. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, kó lè rọ̀, kí oró sayanáìdì inú rẹ̀ sì dínkù. Àsíìdì butyric tó ń jáde nígbà náà, èyí tó wà nínú bọ́tà tó ti bàjẹ́, wà lára ohun tó ń rùn. Ṣùgbọ́n òórùn yìí ṣeé dín kù: bí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi, tí wọ́n sì gbẹ fùfú di ìyẹ̀fun, bí ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣe é, òórùn á rọlẹ̀, fùfú á sì ṣì jẹ́ fùfú.

Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gbé ní ìlú Àbíjáàn, lẹ́yìn odi, ń bá irú pàdé lọ́jà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ soumbara. Nílé, ọgbà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Èjìgbò gan-an. Iṣẹ́ tí mo rí pé ó kù fún àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó ń ṣe irú ní Ìsundúnrin, kí wọ́n kọ bí àwọn ìyá náà ṣe ń fi imú mọ irú tó ti tó tú síta àti èyí tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tún gbìyànjú láti mú òórùn rẹ̀ kúrò.