Fèrè Tó Kọ̀ Tí Kò Dákẹ́

Ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ níbí, a ò ní òsà, a ò sì ní èbúté. Bí ẹ bá rí mọ́tò nínú omi, òjò ló ba títì jẹ́. Àmọ́ ta ni kò mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour”, tí èèyàn gbọ́dọ̀ po ọ́yìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀ kó tó fà á? Àwọn agégẹdú tó ń lo ẹ̀rọ ìgégi nínú igbó náà ń po tiwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti po epo yìí rí ti mọ ìdajì ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ìyẹn ìtàn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi, àti fèrè rẹ̀ tó máa ń ké ṣáá.

Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló sọ ẹ́ńjìnnì náà di ọjà gidi ní 1909. Cameron Waterman ti ń ta tirẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ Evinrude ló dúró. Wọ́n ní ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ ra ice cream fún Bess, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kó sì tó wà á padà dé, oòrùn ti yọ́ ọ tán. Bóyá àsọdùn wà níbẹ̀, mi ò bá wọn jà sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ṣe kò ní ju agbára ẹṣin kan àtààbọ̀ lọ.

Kò sí fèrè kankan lára rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó ń wa ọkọ̀ jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló po ọ́yìlì mọ́ epo. Nígbà tí Yamaha wọ ọjà náà ní 1960, bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ apẹja ní Mákòókò, Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ ṣì ń ṣe é dòní.

Ọdún 1984 ni nǹkan yí padà. OMC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Johnson àti Evinrude, gbé VRO jáde. Páǹpù ni. Ó ń fa ọ́yìlì láti inú táńkì tirẹ̀, ó sì ń dá a pò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ìwọ̀n ọ́yìlì kan sí àádọ́ta epo. Bí ó bá ń rọra lọ, ó lè dín in kù dé ọ̀kan sí 150. Ó dára o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa ọkọ̀ ti kúrò ní ìdí ẹ́ńjìnnì báyìí, ó ti jókòó síwájú pẹ̀lú sítíárì. Bí ọ́yìlì bá tán, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ìdí rèé tí wọ́n fi so fèrè mọ́ ọn. Bí ó bá ń ké pẹ́n, tó ń dákẹ́, tó tún ń ké, ọ̀rọ̀ ọ́yìlì ni. Bí ó bá ké láìsinmi, ooru ni.

Lọ́dún 1984 yẹn kan náà, ewéko kan gba omi Porto-Novo wọ Badagry. Àwọn ará wa sọ ọ́ ní gbéborùn, torí bó ṣe ń tàn kálẹ̀ bí òfófó. Mi ò tíì rí orúkọ tó bá nǹkan mu tó bẹ́ẹ̀. Omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí gbòǹgbò gbéborùn tàbí láílọ́ọ̀nù pọ̀wátà bá dí ojú ihò tí omi ń gbà wọlé, ooru dé nìyẹn, fèrè á sì fi igbe ta. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá gan sáàárín òsà pẹ̀lú èrò lórí, àjẹ̀ ló kù.

Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lè ké láìsí ooru. Waya kan tó ní àwọ̀ iyanrìn ló ti ara suwíìsì ooru, lórí ẹ́ńjìnnì, lọ síbi fèrè. Bí ooru bá pọ̀, suwíìsì náà á so waya yẹn mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, fèrè á ké. Nítorí náà, ibikíbi tí ara waya náà bá ti bó tó sì kan irin, fèrè á ké bákan náà. Iyọ̀ òsà sì mọ bí a ṣe ń jẹ waya.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtanná sí i. Bí ó bá ké, irọ́ ni, kì í ṣe ooru. Ẹ yọ waya náà lára suwíìsì. Bí fèrè bá dákẹ́, suwíìsì ló bàjẹ́. Bí kò bá dákẹ́, ẹ máa tọ waya lọ, kí ẹ sì wo ti táńkì ọ́yìlì pẹ̀lú, torí ojú waya kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò fọkàn tán VRO yọ táńkì rẹ̀ dànù, wọ́n padà sí pípo epo lọ́wọ́, wọ́n wá fi orí waya sílẹ̀ kó máa jù dirodiro.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó ké, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ wo omi tó máa ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tú, tàbí tó ń kán tó tó, ẹ tú ihò ìsàlẹ̀, kí ẹ yẹ impeller wò, ìyẹn rọ́bà tó ń ju omi sókè. Rọ́bà náà máa ń gbó, abẹ́ rẹ̀ á gé. Bí omi bá ń tú dáadáa tí ooru kò lọ, ẹ wo thermostat.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe ni pé wọ́n á gé waya. Ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Ìwà ìkà ni lójú tèmi, torí àwọn èrò inú ọkọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti di ẹnu fèrè. OMC fúnra rẹ̀ wó ní oṣù Kejìlá 2000, àwọn tó ra Evinrude sì pa á tì ní 2020, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń wọlé ní tókúnbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ṣí kọ́kọ́rọ́, kó yọ waya àwọ̀ iyanrìn yẹn, kó fi orí rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì. Bí fèrè kò bá ké, kó bi ẹni tó ń tà á ìgbà wo ni wọ́n gé e.