Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa

Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí a tún ń pè ní Ìdàpọ̀ Mímọ́, tàbí Yùkárístì nínú Ìjọ Àgùdà, jẹ́ ààtò ìsìn Kristẹni níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n sì ń mu wáìnì ní ìrántí oúnjẹ ìkẹyìn tí Jésù bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ní Jerúsálẹ́mù kí a tó kàn án mọ́ àgbélébùú. Lẹ́nu àwọn Yorùbá, "jíjẹ ara Olúwa" ni ó wọ́pọ̀. Ìṣọ̀kan ni ìsìn yìí dúró fún. Síbẹ̀, àríyànjiyàn ni ó bí àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ nípa rẹ̀.

Orúkọ

"Yùkárístì" wá láti inú eucharistia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìdúpẹ́, nítorí pé Jésù dúpẹ́ lórí oúnjẹ náà. "Ìdàpọ̀" ní tirẹ̀ dúró fún koinonia, ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 10 fún kí ènìyàn púpọ̀ jọ ní ìpín nínú ohun kan ṣoṣo. Nínú Bíbélì Mímọ́ ti àtijọ́, "àkàrà" ni àwọn olùtumọ̀ pe búrẹ́dì yìí. Òǹkàwé òde òní lè rò pé àkàrà ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a fi ìyẹ̀fun yan ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún níbẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ròyìn oúnjẹ náà gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ Ìrékọjá àwọn Júù. Jòhánù gbé e sí ọjọ́ tí ó ṣáájú Ìrékọjá. Wíwẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni ó sì tẹnu mọ́. Àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe é ní ìrántí Jésù kò sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun ju inú Lúùkù àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì lọ.

Lẹ́tà yìí, tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 55, ti wà ṣáájú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan ni Pọ́ọ̀lù fi mú ọ̀rọ̀ náà wá, ìbáwí ni. Ní Kọ́ríńtì, oúnjẹ àjẹyó gan-an ni ìjọ máa ń jẹ, nínú ilé ẹni tí ó ní ààyè. Àwọn kan a ti jẹun tiwọn ṣáájú, wọn a sì ti mutí yó, nígbà tí ebi ń pa àwọn ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń tètè dé, wọn a sì jókòó sí yàrá ìjẹun, tí kò gbà ju bí ènìyàn mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí àwọn ẹrú àti alágbàṣe ń dé lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n sì ń wà ní àgbàlá. Pọ́ọ̀lù sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe oúnjẹ Olúwa rárá. Ìkìlọ̀ rẹ̀ nípa jíjẹ láìyẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà lónìí bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ nìkan ni ó ń sọ, jáde láti inú ọ̀ràn pé a dójú ti àwọn tálákà nídìí oúnjẹ.

Láti oúnjẹ sí ìsìn

Nínú ìwé Dídákè, tí a tún rí ní Kọnstantinópù ní 1873, àdúrà ọpẹ́ wà lórí ago ṣáájú búrẹ́dì, wọn kò sì mẹ́nu ba ikú Jésù. Ní nǹkan bí 112, Pliny, gómìnà Bitinia, kọ̀wé sí Trajan ọba Róòmù pé àwọn Kristẹni máa ń pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́ láti kọrin sí Kristi, wọn a sì tún padà wá jẹun pọ̀. Ó fi kún un pé oúnjẹ lásán tí kò ní ibi nínú ni, ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀, nítorí pé wọ́n ń fẹ̀sùn jíjẹ ẹran ènìyàn kan àwọn Kristẹni. Nígbà tí Justin kọ ìwé ìgbèjà rẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí 155, oúnjẹ àjẹyó kò sí nínú ohun tí ó ṣàpèjúwe mọ́. Búrẹ́dì, wáìnì tí a bu omi là àti àdúrà ni ó kù ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn díákónì a máa gbé ìpín àwọn tí kò lè wá lọ fún wọn, a sì ń dá owó jọ fún opó, ọmọ òrukàn àti ẹlẹ́wọ̀n.

Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀

Àpérò Kẹrin ti Látéránì ní 1215 kéde pé búrẹ́dì àti wáìnì ń di ara àti ẹ̀jẹ̀ Kristi ní tòótọ́, bí ìrísí wọn kò tilẹ̀ yí padà. Ní 1415, Àpérò Constance fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ ìjọ má ṣe mu nínú ago. Ọdún náà ni wọ́n dáná sun Jan Hus, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Bohemia sì fi ago ṣe àmì ìjàkadì wọn.

Ní Marburg ní Jámánì, ní oṣù kẹwàá 1529, Luther àti Zwingli fohùn ṣọ̀kan lórí kókó 14 nínú 15. Èyí tí ó kù ni ti Oúnjẹ Alẹ́. Fún Zwingli, "dúró fún" ni Jésù ní lọ́kàn nígbà tí ó pe búrẹ́dì ní ara rẹ̀. Luther kò gbà kí a yí ọ̀rọ̀ Látìn náà, est, padà. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ní èdè Árámáìkì, tí Jésù ń sọ, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè dúró láìní ọ̀rọ̀-ìṣe kankan. Ó di 1973, nínú Àdéhùn Leuenberg, kí ọ̀pọ̀ ìjọ Luther àti ti Alátùn-únṣe ní Yúróòpù tó gbà láti jọ jẹun ní tábìlì kan náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ẹni tí ó lè súnmọ́ tábìlì ni ọ̀ràn tí ó gbóná jù níhìn-ín. Àwọn míṣọ́nnárì CMS kò ri ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ bọmi, Àpérò Lambeth sì fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1888. Ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ wà lára ohun tí ó ya àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ láti orí United Native African Church ní 1891. Nínú Ìjọ Àgùdà àti Áńgílíkà, baba tí ó ní aya méjì lè máa wá sí ìsìn déédéé, kí ó sì máa dáwó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù bá dìde lọ sí ibi pẹpẹ, yóò wà lórí ìjókòó rẹ̀.