Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ìró Ka Ìtẹ̀ka
Abẹ́ gíláàsì ojú fóònù ni ẹ̀rọ yìí ń gbé. Ó máa ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sí ìka, a sì fi èyí tó ta padà dá ẹni tó ni fóònù mọ̀.

Ọdún 1880 ni Jacques Curie àti àbúrò rẹ̀, Pierre, ṣàwárí ní Paris pé àwọn òkúta kan, bíi quartz, máa ń mú iná mànàmáná wá bí a bá tẹ̀ wọ́n. Bí a bá sì fi iná mànàmáná sí wọn, wọn a máa nà, wọn a sì máa súnkì. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní piezoelectric: nínú ẹ̀rọ yìí, òun náà ló ń pariwo, òun náà ló ń tẹ́tí. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí sílíkọ́nì tàbí gíláàsì, ìbáà jẹ́ aluminium nitride, PZT tàbí irú ike kan tó ń jẹ́ PVDF. Ní 2016, àwọn onímọ̀ University of California àti iléeṣẹ́ InvenSense gbé irú ẹ̀rọ yìí kan tó ní awẹ́ 6,160 jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n bí awọ ìlù.

Afẹ́fẹ́ ni igi lẹ́yìn ọgbà iṣẹ́ yìí. Níbi tí ilà ìka bá ti kan gíláàsì, ìró á wọnú ara lọ, díẹ̀ ni yóò padà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ló wà nínú kòtò àárín ilà, ìró kì í sì í ráyè wọ ibẹ̀. Bóyá ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ta padà. Ìyàtọ̀ yìí ló ń di àwòrán. Òógùn díẹ̀ lọ́wọ́ kì í sì í sábà dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà lè ṣi nǹkan mìíràn mú fún ìka. Qualcomm ló ṣe èyí tó wà nínú Samsung Galaxy S10 ti ọdún 2019. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àṣírí tú pé bí rọ́bà sílíkónì kan bá bo ojú fóònù náà, ìka ẹlòmíràn lè ṣí i. Samsung ṣàlàyé pé bátànì ara rọ́bà ni ẹ̀rọ ń kà sí ìtẹ̀ka, wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti rọ́bà: ẹ̀rọ tó yẹ kó mọ̀ pé ohun tí òun ń kà kì í ṣe ìka ló gbà á wọlé.

Ẹni tó bá lẹ gíláàsì tuntun mọ́ ojú irú fóònù bẹ́ẹ̀, kó pa ìtẹ̀ka àtijọ́ rẹ́, kó sì tún tẹ ìka rẹ̀ sínú fóònù. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ gíláàsì náà, kó yọ gíláàsì ọ̀hún kúrò.