Owó Wúrà Olóǹtẹ̀ Orílẹ̀-èdè

Owó wúrà olóǹtẹ̀ ni owó onírin tí ìjọba tàbí báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kan fi ojúlówó wúrà rọ, tí wọ́n sì tẹ àmì orílẹ̀-èdè náà sí lára: idì, kìnnìún, ewé, ẹranko ìgbẹ́, tàbí àmì àṣẹ ìjọba fúnra rẹ̀. A kì í gbé e lọ sọ́jà láti fi ra gààrí. Ẹni tó rà á ń wá ohun tí kì í dípẹtà, tí iye rẹ̀ kì í sì í bá náírà tàbí sídì wálẹ̀. Àwọn mìíràn ń kó o jọ nítorí ẹwà rẹ̀ àti ìtàn tó wà lára rẹ̀.

Ní Ìgàngán àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù, bí owó ìkórè bá wọlé, ilẹ̀, màlúù, páànù ìkọ́lé àti èésú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó o sí. Wúrà tí wọ́n mọ̀ ni yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn, pàápàá èyí tí àwọn Alhaja ń rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Ọjọ́ títà ni wàhálà rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà yóò gbé e sórí ìwọ̀n, yóò yọ owó ọnà kúrò, yóò sì tún máa jiyàn bóyá káráàtì 18 ni tàbí 21. Owó olóǹtẹ̀ yanjú èyí ṣáájú: ìwọ̀n rẹ̀ àti bí wúrà rẹ̀ ṣe mọ́ tó ti wà lákọsílẹ̀, orílẹ̀-èdè tó tẹ̀ ẹ́ ló sì ṣe onígbọ̀wọ́.

Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Ghánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Bank of Ghana, lábẹ́ Ernest Addison tó jẹ́ gómìnà rẹ̀ nígbà náà, gbé owó wúrà tirẹ̀ jáde. Ìwọ̀n mẹ́ta ló ní: áúnsì kan, ààbọ̀ áúnsì àti ìdámẹ́rin áúnsì. Áúnsì wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, ó sì wúwo ju áúnsì tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ. Bí a bá pín owó náà sí ọ̀nà 10,000, 9,999 nínú rẹ̀ jẹ́ wúrà pọ́ńbélé. Sídì ni aráàlú fi ń rà á ní àwọn báńkì, Bank of Ghana sì ń kéde iye rẹ̀ lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni báńkì náà ti ní ètò ríra wúrà abẹ́lé, inú ètò yẹn sì ni owó yìí ti jáde. Wọ́n fẹ́ kí sídì tó pọ̀ jù nígboro dínkù, kí àwọn tó máa ń sá lọ sídìí dọ́là sì rí ibòmíràn kó owó wọn sí.

Àmì àṣẹ Ghánà tó wà lára owó náà yẹ ní wíwò dáadáa. Amon Kotei ló yà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1957, nígbà tí òmìnira ku ọjọ́ méjì. Idì aláwọ̀ wúrà méjì ló di asà náà mú. Igun mẹ́rin ni asà ní: idà àti ọ̀pá agbẹnusọ ọba, ààfin etí òkun, igi kòkó, àti ibi ìwakùsà wúrà. Kìnnìún wà láàárín, ìràwọ̀ dúdú sì wà lókè. Ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ti wà lára àmì Ghánà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wá di ohun tí wọ́n tẹ̀ sára wúrà fúnra rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí mo mọ̀ tí àmì àti ohun tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bá ara mu tó báyìí.

Gúúsù Áfíríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú owó yìí láyé òde òní pẹ̀lú Krugerrand, ọdún 1967. Springbok, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín, tó wà lára àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n po bàbà mọ́ ọn kó lè le, ìdí nìyí tó fi pọ́n díẹ̀, tó sì wọn gíráàmù 33.93 bó tilẹ̀ jẹ́ pé áúnsì kan péré ni wúrà inú rẹ̀. Etí rẹ̀ ní ilà wẹ́wẹ́ 160; èyí tí wọ́n dán fún àwọn olùkójọ ní 220. Nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìjọba ibẹ̀, Amẹ́ríkà fòfin de kíkó o wọlé ní 1985, ó sì rọ idì tirẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kánádà ti gbé ewé maple jáde ní 1979. Mẹ́síkò ṣáájú gbogbo wọn ní ọ̀nà kan: láti 1921 ló ti ń tẹ idì tó ń jẹ ejò sára owó 50 peso, tí wúrà inú rẹ̀ tó gíráàmù 37.5. Ní Áfíríkà, Zimbabwe gbé owó wúrà Mosi-oa-Tunya jáde ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí owó ilẹ̀ wọn ń bàjẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Ìlú Ọba ní àǹfààní kan. Sovereign àti Britannia, owó wúrà ilẹ̀ náà, jẹ́ owó ìná lábẹ́ òfin níbẹ̀, nítorí náà èrè orí títà wọn kò ní owó orí, kò sì sí VAT lórí wúrà ìdókòòwò.

Nàìjíríà náà ní àmì tó yẹ irú iṣẹ́ yìí: asà dúdú tí ilà funfun ti pàdé bí odò Ọya àti Bẹ́núé, ẹṣin funfun méjì, idì pupa. Ó wà lára kọ́bọ̀ ọdún 1973, àmọ́ kò sí wúrà nínú àwọn yẹn. Wúrà kì í ṣe ìṣòro. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n gbé wúrà kílógíráàmù 12.5 tí àwọn awakùsà kéékèèké wà fún ìjọba. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ibi ìwakùsà Segilola ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀ Báńkì Àpapọ̀ kò tíì rọ owó wúrà fún aráàlú bíi ti Ghánà. Ó yẹ kó ṣe é, kó sì rọ èyí tó kéré tó gíráàmù kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, áúnsì kan kọjá dọ́là 4,000. Ìdámẹ́rin rẹ̀ ti ju agbára àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní Ìgàngán lọ.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á má rò pé wúrà kì í wálẹ̀. Ẹni tó ra áúnsì kan ní dọ́là 850 ní oṣù kìíní ọdún 1980 dúró di 2008 kó tó rí owó rẹ̀ gbà padà. Owó àwọn olùkójọ tún máa ń wọ́n ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ, àfikún yẹn sì lè má padà wá. Ayédèrú pọ̀ pẹ̀lú. Áúnsì kan wúrà pọ́ńbélé máa ń ti omi tó tó mílílítà 1.6 jáde nínú ife. Bàbà tí wọ́n rẹ wúrà lé, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dọ́gba, yóò ti ju ìlọ́po méjì lọ. Tungsten, irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó wúrà, kì í tú àṣírí báyìí, nítorí náà báńkì tàbí oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni kí a ti rà á. Kí a fi í sílẹ̀ nínú ike rẹ̀, kí a má fi nǹkan kan bó o. Ẹni tó bá sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó lu ihò sí i fún ẹ̀gbà ọrùn, iye wúrà inú rẹ̀ nìkan ni yóò gbà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á. Olùkójọ kò ní í fi kọ́bọ̀ kan lé e.